Dákúrúùmù nínú básímẹ́ǹtì: ta ló ti ṣe é rí?

Àlàmú_Baltimore

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

Onífótò ni bàbá mi ní Ìlẹ̀ṣà, kí ẹ̀rọ tó ń fọ fótò aláwọ̀ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n papò dà, àpótí nẹ́gẹ́tíìfù kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Dúdú-àti-funfun ni gbogbo rẹ̀, onígun mẹ́rin ọgbọọgba, kámẹ́rà Yashica ni wọ́n fi yà wọ́n. Mo fẹ́ fọ wọ́n sórí pépà fúnra mi nínú dákúrúùmù, yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fótò.

Mo ti ra ẹnlájà Beseler 23C, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán nẹ́gẹ́tíìfù sórí pépà kó lè tóbi, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó kúrò nílé, lẹ́ńsì 50mm ló wà lẹ́nu rẹ̀. Básímẹ́ǹtì wa fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àjà rẹ̀ kò ga. Fèrèsé kéékèèké méjì ló ní. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀. Ẹ̀rọ agbómigbóná àti ẹ̀rọ amúlémóoru wà ní igun kan, gáàsì ni àwọn méjèèjì ń lò. Ní oṣù Keje, ọ̀rinrin ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kìíní, ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí sìmẹ́ńtì. Ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́ òórùn kẹ́míkà ní pálọ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé gbogbo ògiri ni kí n kùn ní dúdú ni? Ẹni tí kò ní omi nítòsí, báwo ló ṣe ń ṣe é?

ỌmọJagun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sikánà yà wọ́n jọ̀ọ́. Owó tí ẹ máa ná sórí èyí á ra sikánà gidi.

Àlàmú_Baltimore

Mo ti sikáànì díẹ̀ níbẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi. Fótò tí mo lè gbé kọ́ ògiri ni mò ń wá báyìí, lórí pépà tí fàdákà wà nínú rẹ̀.

Akin_Chicago

Mo ní ọ̀kan nínú básímẹ́ǹtì mi. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ tó máa há sínú férémù fèrèsé yẹn, ẹ fi fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn yí i ká, kí ẹ lè máa yọ ọ́ nígbà tí ẹ kò bá ṣiṣẹ́. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ fi aṣọ dúdú ìpele méjì kọ́, kí ó gùn dé ilẹ̀, kí ó sì fẹ̀ kọjá férémù lọ́tùn-ún lósì.

Tí ẹ bá ṣe é tán, ẹ wọlé ní ọ̀sán gangan, ẹ pa iná, ẹ jókòó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó rò pé ó ti parí. Ìgbà tí ojú bá mọ òkùnkùn lára tán ni àwọn ihò á máa yọjú: abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí páìpù gbà wọlé, iná pínníṣín ara fíríìsà. Ẹ mú táàpù dúdú dání, kí ẹ máa dí wọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kun gbogbo ògiri àti àjà ní dúdú. Ẹ sì gbé fáànù alágbára sí ojú fèrèsé kan, kí ó máa fa afẹ́fẹ́ síta. Òórùn ò ní dé pálọ̀.

Ṣadé_Lewisham

Ohun tí ẹ sọ nípa ihò ìmọ́lẹ̀ dára, àmọ́ ti pé kí wọ́n kun gbogbo ilé ní dúdú yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Ògiri ẹ̀yìn ẹnlájà àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló yẹ kó dúdú, nítorí ìmọ́lẹ̀ funfun máa ń jò lára orí ẹnlájà, ó sì lè ta padà sórí pépà. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó funfun. Iná pupa la fi ń ríran nínú dákúrúùmù, torí pépà kì í rí i. Èyí tó ta lára ògiri funfun, iná pupa náà ló ṣì jẹ́, kò lè di nǹkan mìíràn. Yóò kàn jẹ́ kí ẹ máa ríran ni. Dákúrúùmù tó bá dúdú láti òkè délẹ̀, ńṣe ni èèyàn á máa fọwọ́ tá ògiri kiri, tí á sì máa da kẹ́míkà sílẹ̀.

Iná pupa náà fúnra rẹ̀: gílóòbù 15W, kí ó jìnnà sí tíréè kẹ́míkà àti sí ẹnlájà tó mítà 1.2. Kì í ṣe gbogbo gílóòbù pupa tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, torí náà ẹ dán an wò. Ẹ fi ẹnlájà bu ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí pépà kan, ìwọ̀nba tí á jẹ́ kó di eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sábẹ́ iná pupa, ẹ gbé owó ẹyọ lé e lórí, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fọ̀ ọ́. Tí àmì owó bá hàn, iná yín ń ba pépà jẹ́. Pépà tí kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ rárá kì í tètè tú àṣírí iná, ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ bu díẹ̀ sí i.

Ti pépà ni mò ń sọ o. Ọ̀pọ̀ fíìmù òde òní ń rí gbogbo àwọ̀, òkùnkùn biribiri ló ń fẹ́.

Gbénga_Amúlémóoru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ní Maryland níbí ni ẹ̀rọ amúlémóoru.

Ẹ MÁ ṢE gbé fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta sínú básímẹ́ǹtì tí agbómigbóná onígáàsì wà. Èéfín ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yẹn ń gba inú páìpù gòkè fúnra rẹ̀ ni, nítorí pé ó gbóná; kò sí ohun tó ń tì í. Tí fáànù yín bá wá ń fa afẹ́fẹ́ jáde, tí ẹ sì ti dí gbogbo ihò pa nítorí ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá ibòmíràn gbà wọlé. Ibi tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni páìpù èéfín yẹn. Èéfín tó yẹ kó jáde á wá padà sínú ilé, carbon monoxide sì wà nínú rẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló ti máa ń pa odindi ìdílé.

Tó bá jẹ́ èmi, màá pín yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ tó jìnnà sí igun ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ náà ṣì máa rí afẹ́fẹ́ tó tó jó. Nínú yàrá kékeré yẹn, ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ ìta WỌLÉ láti inú fílítà, kí ti inú ilé gba ihò mìíràn jáde síta. Àǹfààní kejì wà nínú rẹ̀: eruku ò ní máa rọ́ wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń han nígbà tí carbon monoxide bá wà sí básímẹ́ǹtì, kí òmíràn sì wà nítòsí yàrá ìbùsùn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? GFCI ni kí ó jẹ́, èyí tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò gba inú omi tàbí ara ènìyàn. Ẹ má sì fi wáyà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Akin_Chicago

Iná mànàmáná ni agbómigbóná tèmi ń lò. Níbi tí gáàsì bá wà, ti Gbénga ni kí ẹ tẹ̀lé.

Kí n fi kún un: ihò afẹ́fẹ́ yẹn, ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ kan àpótí pákó tó ní kọ́nà méjì tàbí mẹ́ta nínú, ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kò dán kun inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á yí kọ́nà, ìmọ́lẹ̀ ò lè yí i.

BàbáFótò_Bẹẹrẹ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí láti Ìbàdàn.

Dákúrúùmù tí mo ti kọ́ṣẹ́, abẹ́ àtẹ̀gùn ni. Ẹni méjì ò lè dúró níbẹ̀ kí wọ́n má fara gbún ara wọn. A ò ní ẹ̀rọ omi kankan. Omi inú dúrọ́ọ̀mù la fi ń fọ fótò: bááfù mẹ́ta, a ó máa gbé fótò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, èyí tó kẹ́yìn lomi rẹ̀ ń mọ́ jù. Tí NEPA bá mú iná lọ, a ó fi aṣọ pupa yí àtùpà, a ó parí èyí tó ti wà nínú tíréè. Torí náà, Àlàmú, ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni kó dá ọ dúró.

Ooru lọ́tàá tiwa, kì í ṣe òtútù. Yìnyín la máa ń rà, a ó kó o sínú abọ́ ńlá, a ó gbé abọ́ kẹ́míkà lé e. Bí omi bá gbóná jù, ojú fíìmù á rọ̀, á máa ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ. Álọ́ọ̀mù la máa ń pò mọ́ fíkísà, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí àwòrán dúró pẹ́, kí ó lè mú ojú fíìmù le.

Mi ò lo tẹmómítà rí láyé mi. Ìka ni mo fi ń mọ̀ bóyá kẹ́míkà gbóná tàbí ó tutù, ojú ni mo fi ń mọ ìgbà tí fótò bá jinná. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wo aago, ta ló ń bá yín wo fótò?

Ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ojeikere tí gbogbo ayé wá mọ̀ nítorí fótò irun àwọn obìnrin, inú dákúrúùmù Ministry of Information ní Ìbàdàn níbí ló ti ṣe ìrànlọ́wọ́ ní 1954.

Ṣadé_Lewisham

Mo kúnlẹ̀ kí yín, Bàbá. Àmọ́ ìka yín ti mọṣẹ́, ti ẹ̀gbọ́n Àlàmú ò tíì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ra tẹmómítà.

20°C ni ìwé kẹ́míkà sábà máa ń sọ. Básímẹ́ǹtì nígbà òtútù lè má tó 15. Hydroquinone tó wà nínú dẹfẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde lórí pépà, tó bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an. Fótò á jáde ní eérú eérú, dúdú ibẹ̀ ò ní dúdú, ẹ ó wá máa bú pépà. Ẹ gbé tíréè sínú tíréè mìíràn tó tóbi jù ú lọ, kí ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ti ìsàlẹ̀. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú omi ẹja inú gíláàsì gbóná sínú omi ìsàlẹ̀ yẹn.

Tó bá jẹ́ pépà RC (èyí tí wọ́n fi ike bò) ti Ilford Multigrade, pẹ̀lú dẹfẹ́lọ́pà Multigrade tí ẹ pò ní 1+9 (ìdá kan kẹ́míkà sí ìdá mẹ́sàn-án omi): ìṣẹ́jú kan ní 20°C. Lẹ́yìn náà stop bath, tó ń dá iṣẹ́ dẹfẹ́lọ́pà dúró, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, fíkísà Rapid Fixer tí ẹ pò ní 1+4 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú kan yẹn pé o. Tí fótò bá ń dúdú jù, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹnlájà kù kí ẹ tún òmíràn ṣe. Ẹni tó bá sáré fà á yọ nínú tíréè, fótò ṣákálá tó ní bátàbátà ló máa gbà.

Òórùn tí aya yín ń bẹ̀rù, stop bath tí wọ́n fi acetic acid ṣe ló ń dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi citric acid ṣe wà, kò ní òórùn.

BàbáFótò_Bẹẹrẹ

Mo gbọ́, ọmọ mi. Pépà onírọ́bà yín yìí ló ń kánjú. Pépà tiwa máa ń fara balẹ̀ nínú tíréè, ó ń jẹ́ kí èèyàn ráyè tún un ṣe. Ibi tí ojú ẹni tó jókòó bá ti funfun jù, mo máa ń fi ìka pa á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú dẹfẹ́lọ́pà. Ooru ìka á fà á jáde.

Bísí_Nọ́ọ̀sì

Bàbá, ẹ ṣé fún ọgbọ́n yìí, àmọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má fìka pa nǹkan kan. Metol wà nínú ọ̀pọ̀ dẹfẹ́lọ́pà, àwọn ẹlòmíràn sì wà tí ara wọn máa ń kọ̀ ọ́. Ọwọ́ á máa yún wọn, á máa bó, tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í sábà gbà á mọ́. Ẹ lo ìbọ̀wọ́ nitrile tàbí ẹ̀mú. Ẹ̀mú fíkísà kò gbọdọ̀ kan dẹfẹ́lọ́pà o, fíkísà díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́. Tí ẹ bá ra kẹ́míkà onílẹ́búlẹ́bú, ìta gbangba ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ bo imú.

Ẹ má sì rọ kẹ́míkà kankan sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo wa la mọ ohun tí kẹrosíìnì inú ìgò kóòkì ti fojú àwọn ọmọ rí nílé.

Kọ́lápọ̀_Houston

A kì í sábà ní básímẹ́ǹtì ní Houston tí mo wà yìí, balùwẹ̀ ni mo ń lò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba lẹ́ńsì!

Ẹ̀gbọ́n Àlàmú, 50mm yẹn, fíìmù 35mm ló wà fún. Nẹ́gẹ́tíìfù Yashica onígun mẹ́rin ọgbọọgba, 6x6 sẹ̀ǹtímítà ni. 50mm yẹn ò ní bò ó dé etí, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fótò á ṣókùnkùn. 75mm tàbí 80mm ni ẹ nílò, pẹ̀lú férémù irin tó ń di nẹ́gẹ́tíìfù 6x6 mú. Ẹnlájà yín kò ní wàhálà, 23C ń gbà títí dé 6x9. Ẹ kàn rántí pé gíláàsì ńlá inú orí rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò, ó ní ibi tó yẹ kó wà fún ìwọ̀n fíìmù kọ̀ọ̀kan. Tó bá wà níbi ti 35mm, ìmọ́lẹ̀ ò ní tẹ́jú lórí 6x6.

Nítorí àjà tí kò ga, ẹ gbé orí ẹnlájà dé òkè pátápátá kí ẹ tó wọn gíga tábìlì tí ẹ máa kàn.

Ti omi: bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí omi wà nínú rẹ̀ ti tó. Fótò tó bá ti inú fíkísà jáde, ẹ máa jù ú síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe díẹ̀, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí balùwẹ̀ òkè, kí ẹ lọ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kí pépà RC sùn mọ́jú nínú omi, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là.

ỌmọJagun

Fíkísà tó bá ti gbó ńkọ́? Gọ́tà ni?

Akin_Chicago

Inú ihò ìfọwọ́ ni mò ń dà á sí, pẹ̀lú omi púpọ̀. Ìwọ̀nba tí ènìyàn kan ń lò kéré.

Bísí_Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀gbọ́n Akin, fàdákà tó kúrò lára pépà ló ń kóra jọ sínú fíkísà yẹn. Ó lóró fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n fi ń tún omi ẹ̀gbin ṣe, ó sì burú jù fún ẹni tó ń lo sòkèwéè. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìbílẹ̀ yín ti ń gba ìdọ̀tí eléwu. Dẹfẹ́lọ́pà àti stop bath kò le tó bẹ́ẹ̀.

BàbáFótò_Bẹẹrẹ

Ní tiwa, wọ́n máa ń wá ra fíkísà ẹ̀ṣà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó ń ya X-ray, torí fàdákà yẹn. Ẹ̀yin sì ń dà á nù!

Tọ́pẹ́_Apamọ́

Ilé ìkówèéṣúra ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan sì ń kọ mí lóminú. Ibo ni àpótí nẹ́gẹ́tíìfù yẹn wà báyìí? Tó bá jẹ́ básímẹ́ǹtì ni, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Ọ̀rinrin máa ń mú kí ojú fíìmù hu funfun, kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi fínígà, ike acetate rẹ̀ ti ń jẹrà, òórùn yẹn sì lè ran àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ ya èyí tó bá ń rùn sọ́tọ̀. Yàrá òkè tó tutù tó sì gbẹ ni kí wọ́n máa gbé. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ máa mú sọ̀kalẹ̀.

Fún yàrá náà fúnra rẹ̀, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin, kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ò bá sí níbẹ̀. Ẹ pa á kí ẹ tó ṣí pépà, iná ara rẹ̀ máa ń tàn.

BàbáFótò_Bẹẹrẹ

Àlàmú, yí nẹ́gẹ́tíìfù bàbá rẹ sí ìmọ́lẹ̀, kí o wo ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ṣé o rí ohun tó dà bí ìlà pẹ́ńsù wẹ́wẹ́?

Àlàmú_Baltimore

Ẹ ṣé gidi, gbogbo yín. Yàrá òkè ni àpótí náà wà, kò sì rùn. Bàbá, mo rí i o. Ìlà wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ojú àwọn obìnrin méjì kan, ohun pupa sì wà níbi agbádá ọkùnrin kan. Ṣé kí n fi òwú àti omi nù ún kí n tó fọ̀ ọ́?

BàbáFótò_Bẹẹrẹ

Rárá o! Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ nìyẹn. Pẹ́ńsù tí a gbẹ́ kó mú bí abẹ́rẹ́ la fi ń pa ìlà ojú àti àpá rẹ́, ojú tí kò dán ni a ti ń ṣe é. Ohun pupa yẹn, aró ni. Ibi tó bá máa dúdú jù lórí pépà la máa ń fi í kùn, kó lè dá ìmọ́lẹ̀ dúró díẹ̀, kí ìṣẹ́po aṣọ lè hàn. Tí omi bá kàn án, ó lọ nìyẹn. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gba eruku, kó o sì fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àlàmú_Baltimore

Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá. Kọ́lápọ̀, lẹ́ńsì wo ni kí n wá?

Kọ́lápọ̀_Houston

El-Nikkor 80mm f/5.6 tàbí Rodagon 80mm f/4, àlòkù ni ẹ ó rí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn lẹ́ńsì kí ó ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ bá rí ohun tó là kiri nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, olú ti hù síbẹ̀, ẹ má rà á.